Lift Tí Wọ́n Ní Kí N Má Gbọ́

Òòfà ni mo mú dání lọ ra jíìpù náà. Ẹni tó ń tà á, òyìnbó arúgbó kan tó ní ilẹ̀ màlúù lẹ́yìn ìlú, dúró ń wò mí bí mo ṣe ń fi òòfà náà kan ara mọ́tò rẹ̀ láti iwájú dé ẹ̀yìn. Ibi tí òòfà bá ti lẹ̀ mọ́ ọn, irin gidi ni. Ibi tí kò bá ti lẹ̀, á jẹ́ pé irin ti dógùn-ún níbẹ̀, wọ́n wá fi nǹkan dí ihò rẹ̀, wọ́n sì kun ọ̀dà lé e. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo lọ síbẹ̀ kí n tó rà á, ẹ̀ẹ̀mẹta náà ni mo sì nà sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Nígbà kẹta, baba náà bi mí bóyá ọlọ́pàá ni mí. Mo ní rárá, kọ̀ǹpútà ni mò ń bá ṣiṣẹ́. Ó ní òun ò gbà gbọ́.

Bí wọ́n ṣe bí mi nìyẹn. Ìfura loògùn àgbà, èmi sì ti ń lo oògùn náà láti kékeré. Bàbá mi kì í jẹ́ kí ọ̀sẹ̀ kan kọjá kó má sọ ọ́ sí wa létí: páńsá ò fura, páńsá já síná, àjà ò fura, àjà jìn. Bí ẹnì kan bá fi ẹ̀rín kí mi ju bó ṣe yẹ lọ ní ṣọ́ọ̀bù, mo máa ń wo ẹ̀yìn mi. Bí wọ́n bá ní ọ̀fẹ́ ni nǹkan, mo máa ń wá ìwọ̀ tó wà nínú rẹ̀. Ìyàwó mi, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, máa ń sọ pé bí áńgẹ́lì bá wá kan ilẹ̀kùn wa ní Garland, lẹ́bàá Dallas, n ó ní kó kọ́kọ́ mú ID jáde. Tó bá ti sọ ọ́, àwa méjèèjì á rẹ́rìn-ín.

Jíìpù náà fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ojúgbà mi. Pupa ni, onígun mẹ́rin, ilẹ̀kùn méjì, fèrèsé tí wọ́n ń fi ọwọ́ yí. Nígbà tí mo wà ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, irú rẹ̀ ni ọ̀gá kan láti ilé iṣẹ́ àgbẹ̀ ìjọba máa ń gbé wá sí abúlé wa, a ó sì sá tẹ̀lé e títí eruku á fi bò wá. Ó ti lé ní ogójì ọdún tí mo ti ń wá irú rẹ̀. Ohun tó kù díẹ̀ káàtó níbẹ̀ ni pé sípíríǹgì rẹ̀ ti gbó. Ẹ̀yìn rẹ̀ ti jókòó sílẹ̀, bí a bá sì kó sí kòtò, gbogbo egungun ara wa ló ń dáhùn. Mo ti ṣèlérí fún ìyàwó mi pé a ó gbé e lọ wo àwọn òkè tó wà ní ìwọ̀-oòrùn Texas, àwa méjì péré, nígbà tí ọmọ wa kan ṣoṣo ti wọ yunifásítì. Kí a tó lè lọ, jíìpù gbọ́dọ̀ ga sí i.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ lift ti wọlé wa. Lift ni àwọn ará ibí ń pe ohun tí wọ́n fi ń gbé irú mọ́tò bẹ́ẹ̀ ga kúrò nílẹ̀. Oríṣi kan wà tó jẹ́ pé wọ́n á kàn ki bùlọ́ọ̀kì sáàárín ara mọ́tò àti irin tó gbé e dúró. Ara á ga, ẹsẹ̀ ò ní yàtọ̀, bí ẹni tó dé fìlà gogoro tó wá ní òun ti ga ju ẹ̀gbọ́n òun lọ. Ojúlówó ni èyí tí wọ́n á ti yọ sípíríǹgì àti ṣọ́ọ̀kì àtijọ́ kúrò, tí wọ́n á fi tuntun tó gùn jù wọ́n lọ rọ́pò wọn. Ìyẹn ni mo fẹ́. Ìwọ̀n rẹ̀ ló wá di wàhálà. Ṣé kó fi íǹṣì méjì ga sí i ni, àbí mẹ́rin?

Oṣù mẹ́rin gbáko ni mo fi ka ọ̀rọ̀ àwọn onímọ́tò lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó bá ní mẹ́rin ló dára, mo máa ń wádìí bóyá òun ló ń tà á. Ẹni tó bá ní méjì ti tó, mo máa ń rò ó pé apá rẹ̀ ni kò ká mẹ́rin. Nídìí oúnjẹ, nínú mọ́tò, lẹ́yìn àdúrà àárọ̀, lift, lift, lift. Ìyàwó mi ní bí òun bá kú, n ó bi pásítọ̀ pé íǹṣì mélòó ni wọ́n fi gbé pósí òun ga. Mo ní kó má fi ọ̀rọ̀ ikú ṣeré. Ṣùgbọ́n ní ti òótọ́, ọkàn mi ti wà lórí mẹ́rin, mo kàn ń wá ẹni tó máa gbè mí lẹ́sẹ̀ ni.

Mẹkáníìkì tí wọ́n júwe fún mi wà ní Duncanville. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni, ó fi bí ọdún mẹ́wàá jù mí lọ. Mushin ló ti kọ́ṣẹ́ kó tó wá sí Amẹ́ríkà, ó sì mọ mọ́tò àtijọ́ dójú àmì. Èmi àti ìyàwó mi la jọ lọ ní ọjọ́ Sátidé kan. Mo dúró ti ọ̀gá náà, mò ń ṣàlàyé, nígbà tí ìyàwó mi fẹ́ padà wọ inú jíìpù. Ó gbé ẹsẹ̀, ẹsẹ̀ tàsé, ojúgun rẹ̀ gbá irin, ó sì ké "Yéè!" Mo rẹ́rìn-ín, mo ní bàtà gogoro yẹn náà ni. Ọ̀gá mẹkáníìkì ò rẹ́rìn-ín. Ó dúró ń wò ó títí ó fi rí ọwọ́ ilẹ̀kùn dìmú tó sì jókòó. Mo rí i pé ó ń wò ó.

"Àbúrò," ó ní, "two inches ló máa dáa fún ẹ."

"Ẹ̀gbọ́n, four ni mo fẹ́. Mo fẹ́ kí táyà ńlá lè wọ abẹ́ ẹ̀."

"Four yẹn, steering ẹ á máa rìn gbéregbère lórí freeway. Òní wàá pààrọ̀ tibí, ọ̀la wàá pààrọ̀ tọ̀hún. Fi two inches sí i, sípíríǹgì tó rọ̀, ó parí." Ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ àkísà. "Àti pé báwo ni Madam ṣe fẹ́ máa gun four inches?"

Ẹ bá mi rò ó wò. Mẹkáníìkì wo lẹ ti rí rí tó ní kí oníbàárà fi iṣẹ́ ńlá sílẹ̀ kó gba kékeré? Láti Mushin títí dé Duncanville, n kò tíì gbọ́ irú ẹ̀. Mo gbà pé ó ní láti jẹ́ pé íǹṣì méjì kan wà nílẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀ tí kò tà láti ọjọ́ pípẹ́. Mo sọ fún un pé n ó ronú sí i. Lẹ́yìn ìgbà náà, ìgbàkígbà tí mo bá pè é láti bèèrè nǹkan, ìbéèrè kan náà ló máa ń fi parí ọ̀rọ̀: "Madam ńkọ́? Ṣé wọ́n wà dáadáa?" Nígbà àkọ́kọ́, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tó fi máa di ẹ̀ẹ̀kẹta, mo ti ń bi ara mi pé kí ló kàn án pẹ̀lú ìyàwó oníyàwó.

Ní Sunday kan, lẹ́yìn tí a ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, mo wà nínú gáréèjì, mo sùn sábẹ́ jíìpù, mò ń wọn sípíríǹgì. Ilẹ̀kùn tó já sí ilé ìdáná ṣí sílẹ̀ díẹ̀. Ìyàwó mi ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù, kò sì mọ̀ pé mo wà níbẹ̀.

"Ẹ ṣeun gan-an mà," ó ní. "Ọlọ́run á máa gbé yín ga. Ẹ ṣáà jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbọ́ nípa lift yẹn o. Ẹ mọ̀ wọ́n. Tí wọ́n bá fi lè gbọ́, ilé ò ní gbà wá."

Èmi ni "wọ́n" yẹn. Kò sí ọmọ Yorùbá tí kò mọ bí ìyàwó ṣe ń pe ọkọ rẹ̀ nígbà tí ọkọ ò bá sí níbẹ̀. Ọ̀wọ̀ ni. Ṣùgbọ́n lábẹ́ jíìpù lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ńṣe ló ń dún létí mi bíi pé ogun ọ̀tá kan ni wọ́n ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀, tí èmi nìkan sì jẹ́ gbogbo ọmọ ogun náà. Lift ńkọ́? Nínú ilé wa, lift kan ṣoṣo la ti ń sọ láti oṣù mẹ́rin. Mo wá tò ó bí mo ṣe ń to iṣẹ́ mi. Ó ní "mà", obìnrin ló ń bá sọ̀rọ̀. Ọ̀gá mẹkáníìkì ní ìyàwó nílé. Ọ̀gá mẹkáníìkì ò fẹ́ four inches, ìyàwó mi náà ò sì fẹ́ ẹ. Wọ́n ti gbìmọ̀ pọ̀ lẹ́yìn mi láti sọ pé four inches ò dáa, ó tán.

Mo jáde, mo wọ ilé ìdáná, mo bi í pé ta ló ń bá sọ̀rọ̀. Ó yí gbogbo orí rẹ̀ sí mi kó tó dáhùn.

"Ẹnì kan ní ṣọ́ọ̀ṣì ni," ó ní.

Bó ṣe yí orí yẹn, mo fi kún ẹjọ́ rẹ̀. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ mọ́ kì í yí orí bẹ́ẹ̀, mo wí nínú ara mi.

Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni àgbà ìjọ kan pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lẹ́yìn ìpàdé. Ojú rẹ̀ le.

"Ìyàwó ẹ kọjá lára mi ní hallway, kò kí mi," ó ní. "Not even good morning. Ṣé America ti wá wọ̀ ọ́ lẹ́wù tó bẹ́ẹ̀ ni?"

Láàárín wa, ẹ̀sùn kékeré kọ́ nìyẹn. Ìyàwó tèmi, tó máa ń kúnlẹ̀ kí àgbàlagbà ní ṣọ́ọ̀bù, láàárín àwọn òyìnbó tó ń ra mílíìkì! Mo bẹ baba náà, mo ní ó ní láti jẹ́ pé ara rẹ̀ ni kò yá. Nígbà tí a délé, mo gbé ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀.

"N ò rí wọn," ó ní.

"O ò rí wọn? Agbádá funfun tí wọ́n wọ̀, ó fẹ̀ tó aṣọ ìtẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Báwo lo ṣe máa ní o ò rí wọn?"

Ó mú ìgò oògùn ojú rẹ̀ kékeré, ó kán an sójú kan, ó kán an sí èkejì. Ó ti ń kán an láti nǹkan bí oṣù mélòó kan, ó ní allergy ni. Ta ni kò ní allergy ní Dallas? Bí igi bá ti rúwé, gbogbo ìlú ló ń sín. Mo gbà nínú ọkàn mi pé ìgbéraga ló dé sí i, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá ohun tó fa ìgbéraga náà.

Mo máa ń yẹ ọ́ìlì mọ́tò wa méjèèjì wò láràárọ̀ Sátidé. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo wo máìlì mọ́tò ìyàwó mi, mo fi wé iye tí mo kọ sílẹ̀ nígbà tí mo pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀ lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn. Ilé ìwòsàn tó ti ń ṣiṣẹ́ wà ní òdìkejì Dallas, freeway méjì lèèyàn ń gbà débẹ̀. Ọjọ́ mẹ́rin ló ń lọ lọ́sẹ̀. Síbẹ̀, ìwọ̀nba máìlì tí mọ́tò náà rìn láàárín ọ̀sẹ̀ méjì kò lè gbé e débẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ká tó wá sọ pé kó gbé e padà. Mo wá rántí pé ó ti pẹ́ gan-an tó ti ní kí n bá òun ra gas sí mọ́tò.

Mo jókòó sórí sìmẹ́ńtì gáréèjì. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí: mo gbà pé ìyàwó mi ń parọ́ fún mi. Ọdún mẹ́rìnlélógún la ti wà pọ̀. Bó bá wọṣọ iṣẹ́ láàárọ̀, tó ní ó dàbọ̀, tí mọ́tò rẹ̀ kò sì dé ibi iṣẹ́, níbo ló ń lọ, ọ̀dọ̀ ta sì ni? Ọ̀rọ̀ ti kúrò lórí sípíríǹgì. Ẹ̀rù bà mí. Gbogbo ayé ni mo ti ń fura sí láti ọjọ́ tí mo ti dáyé, òun nìkan ni n kò fura sí rí, n kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Ẹlòmíràn á pè é, á bi í. Èmi, mo lọ ra four inches.

Ṣọ́ọ̀bù tí mo ti rà á wà ní Lewisville, láàárín àwọn ilé ìkẹ́rùsí. Ọkùnrin tó dá mi lóhùn níbẹ̀ ń rẹ́rìn-ín láti ẹnu ọ̀nà. Mo ní four inches, ó ní mẹ́fà gan-an ò burú. Mo bi í nípa steering, ó ní kò sí wàhálà. Mo bi í bóyá ó máa rọrùn láti gùn, ó ní èèyàn á mọ́ ọn lára. Èmi tí mo fura sí ẹni tó ní kí n má náwó, mi ò fura sí ẹni tó ń tajà fún mi, torí pé ohun tí mo fẹ́ gbọ́ ló ń sọ. Ìbínú ni mo fi rà á. Ọjọ́ kejì ni wọ́n bá mi fi sí i.

Bí mo ṣe ń wà á bọ̀ lórí freeway, ọ̀rọ̀ ọ̀gá mẹkáníìkì ṣẹ sí mi lára. Mo yí steering síbí, jíìpù ṣì ń rò ó lọ́wọ́ kó tó gbà. Ọkọ̀ akẹ́rù kan kọjá, atẹ́gùn rẹ̀ sì tì mí lọ sójú ọ̀nà ẹlòmíràn. Mo délé pẹ̀lú òógùn lójú, ṣùgbọ́n mo ṣe bí ẹni tó ṣẹ́gun. Ìyàwó mi jáde síta, ó gbé ojú sókè wò ó.

"Ó ga o," ó ní. "Báwo ni n ó ṣe máa gùn ún?"

"Bi àwọn tí ẹ jọ ń sọ̀rọ̀ lórí phone," mo dá a lóhùn.

Ojú rẹ̀ yí padà, ó sì wọlé lọ. Fún odindi ọ̀sẹ̀ kan, "Ẹ káàárọ̀" àti "Káàárọ̀" nìkan ló kù láàárín wa. Kò bi mí pé kí ni mo gbọ́. Èmi náà ò bi í pé kí ló ń ṣe.

Ní Thursday, mo gba ìsinmi ọjọ́ kan lẹ́nu iṣẹ́. Mo jáde ṣáájú rẹ̀, mo yí ká àdúgbò, mo sì dúró sí ìkóríta títí mo fi rí mọ́tò rẹ̀ tó ń bọ̀. Oòrùn ti yọ, ilẹ̀ ti mọ́ kedere. Ẹ wo irú ọlọ́pàá inú tó ń fi jíìpù pupa gogoro ṣọ́ ènìyàn! Mọ́tò tèmi wà nínú gáréèjì, n ò mọ ohun tó ṣe mí tí n kò fi gbé e. Bóyá mo fẹ́ kó rí mi. Ó rọra ń wà á, ó pẹ́ níbi ìdúró kọ̀ọ̀kan. Kò sún mọ́ freeway rárá. Kò tíì tó máìlì méjì sílé wa tó fi yà sí iwájú ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ ilẹ̀ wa kan tí wọn kò tíì ṣí, ó páàkì síbẹ̀, ó sì pa mọ́tò.

Mo páàkì sí ẹ̀gbẹ́ òsì ibi tó máa gbà. N kò pa ẹ́ńjìnì, ó sì ń dún kíkankíkan. Ìyàwó mi sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú báàgì rẹ̀ àti oúnjẹ ọ̀sán rẹ̀, ó ń bọ̀, ó kọjá lára mi débi pé bí mo bá na ọwọ́, ọwọ́ mi á bà á. Kò wò mí. Kò yí ọrùn. Ó kọjá bí ẹni tí kò mọ̀ mí rí.

Ìgbéraga rẹ̀ ti dé orí èmi náà nìyẹn, mo wí. Mo ṣí ilẹ̀kùn, mo bẹ́ sílẹ̀, torí pé bíbẹ́ lèèyàn ń bẹ́ sílẹ̀ nínú four inches, ẹsẹ̀ mi sì yẹ̀, díẹ̀ ló kù kí n fi ẹnu gbálẹ̀.

"Ṣé o ò rí mi ni?" mo pariwo.

Ó dúró. Ó yí orí, ó tún yí i sí i, ó ń fi ojú wá ibi tí ohùn ti wá, títí gbogbo ojú rẹ̀ fi kọjú sí mi.

"Daddy?" ó ní. "Kí lẹ ń ṣe níbí?"

Kí n tó dáhùn, mọ́tò kan yà wọlé, ó dúró ti ẹ̀gbẹ́ wa. Ẹ̀gbọ́n obìnrin kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ló wà nínú rẹ̀, nọ́ọ̀sì bíi tìyàwó mi, tí òun àti ìyàwó mi jọ ń ṣiṣẹ́ níbì kan náà. Kò tíì ju ọdún mẹ́ta lọ tó dé láti Èkó. Ó wo èmi, ó wo jíìpù, ó wo ìyàwó mi.

"O ò tíì sọ fún wọn?" ó bi í.

"Kí ló fẹ́ sọ fún mi?" mo wí. "Lift wo lẹ ní kí n má gbọ́? Mo gbọ́ ọ lọ́jọ́ yẹn. Lift wo?"

"Lift?" Ìyàwó mi ń wò mí bí ẹni tí orí ẹ̀ ti dà rú. "Lift tí wọ́n máa ń fún mi lọ síbi iṣẹ́ ni. Àbí lift wo tún ni?"

Ní Èkó, lift ni kí ẹni tó ní mọ́tò gbé ẹ sí ọ̀nà láìgba kọ́bọ̀. Èmi náà ti tọrọ rẹ̀ rí, nígbà tí mo wà nílé ìwé, mo ti dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì tí mo na ọwọ́. Ṣùgbọ́n ó ti lé lógún ọdún tí a ti ń pè é ní ride, lift ti jíìpù sì ti gba gbogbo àyè ọ̀rọ̀ náà nínú orí mi. Ẹ̀gbọ́n kó tirẹ̀ bọ̀ láti Èkó. Ìyàwó mi sì máa ń bá oníkálukú sọ ọ́ bí ẹni náà ṣe ń sọ ọ́.

"Kí ló ṣe mọ́tò rẹ?" mo bi í. Ohùn mi ti wálẹ̀.

"Mọ́tò ò ṣe nǹkan kan. Ojú mi ni, Daddy."

Ohùn tó fi ń bá àwọn aláìsàn sọ̀rọ̀ ló fi sọ ọ́ fún mi. Glaucoma ni. Ó ti ń jẹ ojú rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́, tòsì burú ju tọ̀tún lọ. Ohun tó bá wà ní iwájú rẹ̀ gan-an, ó ń rí i kedere. Ohun tó bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, kò sí níbẹ̀. Ó ti lé ní oṣù mẹ́jọ tí dókítà ti ní kó má gun freeway mọ́. Oògùn tó ń kán sójú kì í ṣe ti allergy. Ìyá rẹ̀ fọ́jú kó tó pé ọgọ́ta ọdún, mo sì mọ̀. Èmi fúnra mi ti jókòó ti ìyá náà rí tó fi ohùn ikọ́ dá mi mọ̀. N kò rò ó dé ọ̀dọ̀ ọmọ rẹ̀ rí.

"Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?"

"Torí pé mo mọ̀ yín." Omi ti ń dà lójú rẹ̀, kò sì nù ún. "Ojoojúmọ́ lẹ ó máa dán ojú mi wò. Ṣé o rí tibí? Ìka mélòó nìyí? Tí mo bá ní mo rí nǹkan, ẹ ò ní gbà mí gbọ́ mọ́. Dókítà ń dán mi wò, machine ń dán mi wò. Mo fẹ́ kó ku ẹnì kan ṣoṣo tó máa gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́."

Ọlọ́pàá tó ń bẹ̀rù pé n ó ṣe, òun gan-an ni mo ṣe láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ojú tì mí débi pé n kò lè wo Ẹ̀gbọ́n. Mo ní n ó gbé ìyàwó mi dé ibi iṣẹ́ fúnra mi. Ó gbé ẹsẹ̀ láti wọ jíìpù, ẹsẹ̀ kò dé ibẹ̀. Ó tún gbé e, kò rí ibi tó máa tẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo di ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, mo gbé e lé irin náà, mo sì fi èjìká tì í sókè. Mo rọra ń wà á títí a fi dé ilé ìwòsàn, nítorí steering burúkú yẹn.

Ní Sátidé, mo gbé jíìpù lọ sí Duncanville. Ọ̀gá mẹkáníìkì yí i ká lẹ́ẹ̀kan, ó mi orí, kò sì fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní lára íǹṣì mẹ́rin náà, kò sí èyí tó máa ṣòro yọ. Mo bi í pé ìgbà wo ló ti mọ̀ nípa ojú ìyàwó mi.

"Ọjọ́ àkọ́kọ́," ó ní. "Bí wọ́n ṣe ń fi ọwọ́ wá ilẹ̀kùn yẹn. Bí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn."

"Ẹ ò wá sọ fún mi, Ẹ̀gbọ́n."

"Mo sọ fún ẹ. Ẹ̀ẹ̀melòó ni mo bi ẹ́ pé Madam ńkọ́? Mi ò lè sọ ọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọ̀rọ̀ ilé ẹ ni. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là á sọ fún ọmọlúàbí, tó bá dénú ẹ̀, á di odindi." Ó wo abẹ́ jíìpù. "Tìẹ kàn pẹ́ kó tó dénú ni."

Íǹṣì méjì la fi sí i, sípíríǹgì tó rọ̀ jù lọ nínú èyí tó ní. Ó jó irin ìtẹ̀gùn tó fẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, ó fi ọwọ́ irin kan sókè tí èèyàn lè dìmú, ó sì kun méjèèjì ní ọ̀dà yẹ́lò. N kò bi í ní ìbéèrè kankan lórí iṣẹ́ náà, àfi bíi méjì. Láti ọ̀sẹ̀ yẹn, èmi ni mò ń gbé ìyàwó mi lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀, Ẹ̀gbọ́n nọ́ọ̀sì yẹn á sì gbé e padà. Mo bẹ àgbà ìjọ tí ìyàwó mi kò kí náà, mo ní kí wọ́n máa kọ́kọ́ dárúkọ ara wọn bí wọ́n bá rí i. Wọ́n ní kí ni kò jẹ́ kí n tètè wí.

Nígbà tí ooru rọlẹ̀, a lọ sí ìwọ̀-oòrùn. Ilẹ̀ gbẹ, ojú ọ̀run fẹ̀, títì sì lọ tààrà títí ojú ò fi lè bá a dé. Jíìpù náà ń lọ jẹ́jẹ́, kò rọ́ wa mọ́. Ìyàwó mi jókòó sọ́tùn-ún mi, ó ń wo iwájú, ó ń kọrin lábẹ́lẹ̀. Bí a ṣe yí ẹsẹ̀ òkè kan, mo rí àwọn àgbọ̀nrín kan tí wọ́n dúró sínú koríko lápá ọ̀tún, lẹ́bàá ọgbà wáyà.

"Ṣé o rí àwọn àgbọ̀nrín yẹn?" Ó ti jáde lẹ́nu mi kí n tó mọ̀.

"Mo rí wọn," ó ní. Iwájú ló ṣì ń wò. Kò yí orí.

Mẹ́ta ni wọ́n. Ìbéèrè ti dé orí ahọ́n mi: mélòó? Mo gbé e mì.

"Wọ́n rẹwà," mo wí.

Ó ní wọ́n rẹwà gan-an.